“Mímọ́”, “Títòrò” àti “Àìléwu”: Àyẹ̀wò Ìperí fún Omi Mímu ní Òkè-Ògùn

Nínú àwọn ìwé ìlera tí a ń kọ ní èdè Yorùbá, “omi mímọ́” ni a sábà fi ń pe omi tí ènìyàn lè mu láìséwu. Èrò wa ni pé ẹrù ìperí yìí ti pọ̀ jù. A ń lò ó fún omi tí ojú kò rí ìdọ̀tí nínú rẹ̀. A ń lò ó fún omi tí a gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. A sì tún fẹ́ kí ó dúró fún omi tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kò léwu. (“Píọ̀ wọ́tà” inú ọ̀rá pàápàá kò bọ́ nínú àléébù yìí.)

Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀pọ̀ kànga a gbẹ, àwọn ènìyàn a sì yà sí odò àti adágún. Àwọn ìyá wa a fi álọ́ọ̀mù sí irú omi bẹ́ẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi silẹ̀. Omi náà tòrò. Ìyá tí ó bá rí “Ẹ mu omi mímọ́” lára ògiri ilé ìwòsàn yóò gbà pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Sòbìà fi hàn pé èyí kò tó. Inú ẹranko omi kan tí ó kéré púpọ̀ ni ọmọ sòbìà ń gbé, omi títòrò sì lè ní in nínú. Ẹni tí ó mu ún kò ní fura. Ó di nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà tó yọ jáde, nígbà mìíràn ní gígùn mítà kan. Bí ẹni náà bá ti ẹsẹ̀ bọ odò, aràn a tu ọmọ sínú omi. Òwe wa wí pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgánbe là á ké sí. Egbò ni òwe náà rí. Kò rí omi. Ní 1987 sí 1988, àwọn tí a kà ní Nàìjíríà tí sòbìà mú ju 650,000 lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ewu mìíràn ṣì kù. Omi kànga tí ó wà nítòsí ṣáláńgá lè mọ́ gaara. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 kò fẹ́ kí a rí kòkòrò E. coli kankan nínú 100 mílílítà omi, kò sì fẹ́ kí náítíréètì ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ojú lásán kò lè rí méjèèjì.

Nítorí náà, a dábàá “omi títòrò” fún ohun tí ojú rí, àti “omi aláìléwu” fún ohun tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. “Omi eléwu” ni òdìkejì èyí. “Omi alárùn” kò tó, nítorí náítíréètì kì í ṣe kòkòrò àrùn. Kí “omi mímọ́” máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ní ti sísè àti kiloríìnì, “pípa kòkòrò omi” ni kí a pè wọ́n. A kò gbọdọ̀ pè wọ́n ní “ìsọdaláìléwu”, nítorí omi tí a sè lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, kí náítíréètì inú rẹ̀ má dín rárá.