Ojú Ẹ̀rọ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń yí sẹ́yìn di tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ojú 4K, tí píksẹ́lì rẹ̀ pọ̀ gan-an, tàn ọ́. Lórí ojú tí kò ju ínṣì 13 tàbí 14 lọ, píksẹ́lì 1920 x 1200 ti tó fún ìwé kíkà. 4K á kàn máa jẹ bátìrì ni, ìwọ náà sì mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa. Ìmọ́lẹ̀ ojú náà ni kí o bèèrè, èyí tí wọ́n ń fi nits wọ̀n. 250 kò tó ẹni tó ń kàwé níta lọ́sàn-án; wá 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó ṣeé fọwọ́ tẹ̀ sábà máa ń dán, òjìji ara rẹ lo sì máa rí níbẹ̀. Gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kọjú rẹ̀ sí oòrùn, kí o gbìyànjú láti ka nǹkan lórí rẹ̀.

Ojú irú OLED rẹwà, dúdú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Àmọ́ bí àwòrán kan bá dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ó lè fi àpá síbẹ̀. Fún ọmọ tó ń tẹ̀wé látàárọ̀ dalẹ́, ojú irú IPS ni mo fara mọ́.

Bèèrè irú bírò ẹ̀rọ tí ojú náà ń gbà pẹ̀lú; kì í ṣe gbogbo ojú tó gba ìka ló ń gba bírò. Fi bírò náà kọ orúkọ rẹ sí i, kí o wò ó bóyá ìlà náà ń bá ọwọ́ rẹ rìn.