Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Ẹ JẸ́ KÍ A SO Ọ̀RỌ̀ PỌ̀



Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tètè sá lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Nítorí náà, lónìí a ó kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ìsopọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé Joseph Novak àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1972, láti mọ bí òye àwọn ọmọdé ṣe ń dàgbà. Àgbà náà lè lò ó. Bí kò bá sí pátákó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó.

Bí a ṣe ń yà á

1. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ sí òkè.
2. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ọn sí ìsàlẹ̀.
3. Ẹ fa ìlà láti ọ̀rọ̀ kan dé òmíràn.
4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kékeré sí orí ìlà náà, kí ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bára tan. Ẹ má fo èyí o! Ìlà tí kò ní ọ̀rọ̀ lórí kò sọ nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ: kajú

Ní Koko, àti ní gbogbo agbègbè Bantè àti Savalou, ta ni kò mọ kajú? A kọ KAJÚ sí òkè pátákó. Mo béèrè pé, "Kí ló dé tí owó kajú wa fi ń kéré?" Àwọn ọmọ kíláàsì dáhùn, a sì fa ìlà báyìí:

oòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta — ń gbẹ — kajú
kajú tútù — máa ń — bu
àpò ọ̀rá — kì í jẹ́ kí — afẹ́fẹ́ wọlé
àpò ìdọ̀họ — ń jẹ́ kí — afẹ́fẹ́ wọlé
kajú tí ó bu — ń gé — owó wa
ẹni tí ń ra kajú — ń ka — òṣùwọ̀n

Ìyá kan dìde. Ó ní, "Olùkọ́, èmi sá tèmi dáadáa. Mo gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, owó mi kò pé."

Gbogbo wa dákẹ́. A tún wo àwòrán náà. Ìlà wà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà dé ibi òṣùwọ̀n. Kò sí ìlà kankan láti ọ̀dọ̀ àwa tí a ń tà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ń kà á!

Ẹ ò rí i? Àwòrán náà kò fi ohun tí a mọ̀ nìkan hàn wá. Ó fi ibi tí ìmọ̀ wa ti ń jò hàn wá pẹ̀lú. A kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, a kò sì lè sọ pé wọn kò rẹ́ wa jẹ, nítorí a kò wò ó. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ́ nọ́ńbà orí òṣùwọ̀n. Ìyá náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà tí ó kù:

àwa náà — ń ka — òṣùwọ̀n

Ìbéèrè

1. Kí ni a ń kọ sí orí ìlà?
2. Kí ló dé tí àpò ìdọ̀họ fi dára fún kajú ju àpò ọ̀rá lọ?
3. Ìlà wo ni kò sí nínú àwòrán wa tẹ́lẹ̀?

Iṣẹ́ ilé

Ẹ ya àwòrán GÀRÍ tàbí OMI. Ẹ wá ìlà kan tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, tí kò sí. Ẹ mú un wá sí kíláàsì.