Ọkọ Tí A Kò Mọ Ibi Tí Ó Wà: Kí Ni Ìyàwó Rẹ̀ Yóò Ṣe?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní Jímọ̀ òní kò jìnnà sí wa. Ó wà ní àwọn abúlé wa láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà. Ọkùnrin so yìgì, ó bí ọmọ méjì, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ sí Èkó, tàbí pé òun yóò gba aṣálẹ̀ kọjá sí Líbíyà. Fún oṣù díẹ̀, ó ń pe fóònù. Nígbà tí ó yá, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọdún kan kọjá, ó di mẹ́ta, ó di márùn-ún. Ìyàwó ń din gààrí tà kí ó lè rí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ san. Bí ẹ bá bi í bóyá adélébọ̀ ni tàbí opó, kò ní ìdáhùn.

Nínú Súrà Nísáì, āyah 129, Ọlọ́hun kọ̀ fún ọkọ láti fi aya sílẹ̀ bí ohun tí a so rọ̀, tí kò kan òkè, tí kò kan ilẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tí ó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ ni āyah náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ìnira kan náà ni. Súrà Baqarah, āyah 231, sì kọ̀ fún wa láti mú obìnrin dání kí a lè ni í lára.

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tí a mọ ibi tí ó wà ṣùgbọ́n tí kò wálé, tí kò sì fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó sọnù. A ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó padà, tàbí kí ó mú aya rẹ̀ lọ bá a, tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bí kò bá ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀, adájọ́ lè tú yìgì náà nítorí àìgbọ́bùkátà, obìnrin náà yóò sì ṣe iddah. Kò sí ọdún 4 nínú tirẹ̀.

Ẹni tí ó sọnù pátápátá ni ìdájọ́ Umar ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, bá wí. Imām Mālik gbà á wá nínú Muwaṭṭa, mazhab Mālik náà ni àwa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ yìí. Ìyàwó yóò dúró fún ọdún 4, lẹ́yìn náà yóò ṣe iddah opó, oṣù 4 àti ọjọ́ 10, kí ó tó lè fẹ́ ọkọ mìíràn. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ jáde nílé ni a ti ń ka ọdún 4 náà. Ìgbà tí obìnrin gbé ẹjọ́ dé iwájú adájọ́, tí a wádìí ọkọ tí a kò gbúròó rẹ̀, ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sílé fún ọdún 7 láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe pẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Bí ọkọ kò bá sì fi ohunkóhun sílẹ̀ tí aya lè fi jẹun, kò di dandan kí ó dúró fún ọdún 4. Ó lè bèèrè ìtúká nítorí oúnjẹ.

A mọ ìdí tí ìyá ọkọ fi máa ń bínú. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Bí ó bá gbà kí ìyàwó lọ, ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ti sin ọmọ rẹ̀. Ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ kò sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́ di haráàmù. Àbúrò ọkọ kò sì lè ṣú obìnrin náà lópó ní ipá; Súrà Nísáì, āyah 19, ti ti ilẹ̀kùn yẹn.

Àṣìṣe kejì ni ti àwa àáfà. Mọ̀lẹ́bí obìnrin á dá owó orí padà lọ́jọ́ Ajé, wọn á pe àáfà kó wá so yìgì tuntun ní ọjọ́ Àìkú. Owó orí tí a dá padà kò tú yìgì. Obìnrin náà ṣì wà lábẹ́ ọkọ, àáfà tí ó jókòó síbẹ̀ sì ti so panṣágà mọ́ ọn lọ́rùn.

Níbo ni a ó gbé e lọ? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àyè kóòtù ṣẹríà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò ní in. Àwọn onímímọ̀ mazhab wa sì ti sọ pé níbi tí kò bá ti sí kádì, àwọn olódodo nínú jàmọ́ọ̀ Mùsùlùmí lè dúró ní ipò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ṣẹríà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2002 ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọlọ́pàá tí yóò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ tún lọ sí kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, kí ìwé ìjọba lè wà lọ́wọ́ yín. Bí a kò bá rí ọkọ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́, kóòtù lè pàṣẹ pé kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé tí ó gbé kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì, Kóòtù Gíga ni tirẹ̀. Òfin ọdún 1970 ka ọdún 7 láìgbúròó sí àmì pé ẹni náà ti kú.

Bí ìyàwó ni a kò rí, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọkọ ni ìkọ̀sílẹ̀ wà. Kí ó sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó má sì jẹ ṣàdáákì tí ó kù mọ́lẹ̀.

Bí ọkọ bá wá dé ńkọ́? Bí ó bá dé kí aya tó fẹ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún 4, òun ni ó ní ẹ̀tọ́ jù. Bí aya bá ti wọlé ọkọ tuntun, ọ̀nà ti dí fún un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àṣàrí ní ọjọ́ Àìkú. Kí ó mú walí rẹ̀ wá, àti ẹni kan láti ilé ọkọ, àti nọ́ńbà fóònù tí ọkọ lò kẹ́yìn.