Asẹ́, Èèrí àti Oúnjẹ Wa

 

Ìbéèrè tí ìyá wa kan bi wá lẹ́yìn àsáláátù ọjọ́ Àìkú ní Ilémọnà ni a fẹ́ fi ojú ìwé yìí dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa jẹ oúnjẹ tí èròjà inú rẹ̀ ṣì pé. Ọmọ wọn tó wà ní Èkó bá to orúkọ oúnjẹ ránṣẹ́ sórí fóònù: oats, búrẹ́dì wíìtì, ìrẹsì tí kò funfun, òróró ólífì. Ìyá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ọjà oṣù kan nìyí. Ṣé kí n wá máa gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

Àwa náà rẹ́rìn-ín. A bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ògì ni mo mu, mo fi àkàrà jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sẹ́ ògì náà fúnra yín?"

"Èmi ni. Ta ni yóò tún bá mi sẹ́ ẹ?"

"Èèrí rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo dà á fún ewúrẹ́."

"Ẹ ò rí i, Màmá. Oúnjẹ tí ọmọ yín ní kí ẹ lọ rà, ewúrẹ́ yín ti jẹ ẹ́."

Kì í ṣe àwàdà lásán. Hóró àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì àti wíìtì, ọ̀nà kan náà ni Ọlọ́hun gbà dá wọn. Èèpo wà lẹ́yìn, ojú tí yóò hù wà ní ìdí, ìyókù sì jẹ́ funfun tí ojú náà yóò máa jẹ títí tí yóò fi ta gbòǹgbò. Inú èèpo àti ojú yìí ni ọ̀pọ̀ fítámì, irin, òróró tó dára àti fáíbà wà. Fáíbà ni apá ara irúgbìn tí ikùn wa kò lè lọ̀ tán. Òun ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ògì, tí a fi omi ṣàn án léraléra, funfun yẹn nìkan ló kù sí wa lọ́wọ́. Ó jọ̀lọ̀, ó dùn ún mu, kò sì pẹ́ tí ebi fi tún dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Nínú Súrátùl Bákárà, àáyà 168, gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́hun bá wí, kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan, pé kí wọ́n jẹ nínú ohun tó wà lórí ilẹ̀, èyí tó jẹ́ halálì tó sì dára. Púpọ̀ nínú wa kì í kọjá ibi halálì. A ó wádìí bóyá Mùsùlùmí ló dú ẹran. A kò ní wo ìgò mínírà mẹ́ta tí ọmọ ọdún méje ti mu níbi wòlímọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgò kékeré kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó kúúbù mẹ́jọ nínú.

Ní ti asẹ́ gan-an, Ìmáàmù Bùhárì gba hadíísì kan wá láti ọ̀dọ̀ sàábé tó ń jẹ́ Sahl ọmọ Sa'd. Wọ́n bi í bóyá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí ìyẹ̀fun funfun kíkúnná. Ó ní kò rí i láti ìgbà tí Ọlọ́hun ti gbé e dìde títí tó fi padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò sì rí asẹ́ náà. Ó ya àwọn tó ń bèèrè lẹ́nu: báwo ni wọ́n ṣe wá ń jẹ bálì tí a kò sẹ́? Sahl ṣàlàyé pé wọn á lọ̀ ọ́, wọn á fẹ́ ẹ, èyí tó bá fò a fò lọ, wọn á sì fi omi po èyí tó kù jẹ. A kò sọ pé asẹ́ di haráámù o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ba asẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nítorí tiwa.

Ní Indonéṣíà, ní erékùṣù Java, ni ọ̀rọ̀ èèpo yìí ti wá hàn kedere sí àwọn dókítà. Ní nǹkan bí ọdún 1890, àrùn beriberi, tó máa ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára tó sì ń ba ọkàn jẹ́, ń pa sójà àti ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀. Dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, ń wá okùnfà rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn adìẹ tó ń sìn ní ọsibítù ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọn kò lè dúró. Ìrẹsì funfun sísè tó ṣẹ́ kù nílé ìdáná àwọn sójà ni wọ́n ń fún wọn jẹ. Nígbà tó yá, alásè tuntun dé, ó ní ìrẹsì sójà kọ́ ni ti adìẹ. Wọ́n dá àwọn adìẹ padà sórí ìrẹsì tí a kò tíì bó èèpo pupa rẹ̀, ara wọn sì yá. Fítámì B1 ló wà nínú èèpo náà. Ọdún 1929 ni wọ́n fún Eijkman ní ẹ̀bùn Nobel. Alásè tó ṣahun kò rí nǹkan kan gbà.

Ẹlòmíràn á ní, "Àgbà ti dé sí mi, oúnjẹ wo ni mo fẹ́ yí padà tí yóò ṣe mí láǹfààní?" Ẹ gbọ́ ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2015 nínú ìwé ìmọ̀ Nature Communications. Àwọn onímọ̀ mú 20 aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà láti Pittsburgh àti 20 ará ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì fi oúnjẹ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Fáíbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ lóòjọ́ kúrò ní gíráàmù 14, ó di 55. Ti àwọn ará Áfíríkà já wálẹ̀ láti 66 sí 12. Nígbà tí wọ́n yẹ ìfun wọn wò, àwọn àmì tó ń tọ́ka sí ewu jẹjẹrẹ ìfun ti lọ sílẹ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti gòkè lára àwọn ará Áfíríkà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n wo jẹjẹrẹ sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kò tó ìdajì Ràmàdánì, ara sì ti mọ ìyàtọ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 wo ìran aláwọ̀ dúdú kan náà káàkiri: nínú 100 àgbàlagbà, 16 ló ní in ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Sísanra àti iyọ̀ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, oúnjẹ àti ìgbé ayé ló yàtọ̀. Amẹ́ríkà náà sì ti ń tọ̀ wá wá sílé nínú ọ̀rá.

Àwọn kan máa ń sọ pé oúnjẹ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn ló dára. A kò gbà. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ ju ìyá tó ń ṣe irú lọ? Á sè é láti òru mọ́jú, á bó o, á tún un sè, á bò ó mọ́lẹ̀ kó wú. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa ní májèlé nínú. Rírẹ àti sísá láfún ló ń lé e jáde. Iṣẹ́ tí ń mú oúnjẹ dára nìwọ̀nyí. Ohun tó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni pé kí ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, kí sì ni wọ́n bù sí i. Ẹ fi ìbéèrè yìí wo irú, kí ẹ tún fi wo mágì tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Ohun tí a bá Màmá sọ kò ju èyí lọ. Kí wọ́n lọ ọkà bàbà kúnná dáadáa, kí wọ́n fi asẹ́ olójú gbòòrò sẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n má sẹ́ ẹ rárá. Kí ẹ̀gbo àti ẹ̀wà padà sínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ẹ̀gbo mọ́, wọ́n rò pé oúnjẹ òtòṣì ni. Kí wọ́n máa fi òtílí pààrọ̀ ẹ̀wà nígbà míràn. Kí òkèlè àmàlà kéré sí i, kí ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá pọ̀ sí i. Kí wọ́n jẹ ọsàn fúnra rẹ̀ dípò èyí tí wọ́n fún sínú páálí. Bí ó bá di ìrẹsì dandan, ìrẹsì Pàtígì ti Kwárà wa níbí, kí wọ́n wá èyí tí ẹ̀rọ kò tíì bó di funfun báláú. Gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ṣíbí tíì kan, mágì wà nínú ìṣirò náà. Irú lè gba iṣẹ́ mágì, bí wọn kò bá ti fi iyọ̀ pò ó. Lásìkò ààwẹ̀, ẹ̀wà ní sààrì máa ń pẹ́ nínú ju ògì ṣíṣàn lọ.

Ìmọ́tótó ṣe pàtàkì níbi odindi oúnjẹ ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé tó wà nínú olú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Ẹ má sá ẹlúbọ́ sí ẹ̀bá títì níbi tí ọkọ̀ ti ń fẹ́ èéfín sí i. Àwọn tó ń fi oògùn apakòkòrò inú ilé tọ́jú ẹ̀wà wà nínú ọjà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà yín ní Òwódé l'Ọ́fà bó ṣe tọ́jú tirẹ̀, ẹ má sì ra èyí tó bá ń rùn. Ẹni tí kò bá jẹ èèrí rí, díẹ̀díẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó sì máa mu omi dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú yóò wú u. Kí ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí pé ẹ̀wà àti ewébẹ̀ kan lè má bá a lára mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ìwé yìí sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ nù. A ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa, rọpárọsẹ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Màmá ṣì ń lo tiwọn láràárọ̀. Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ṣàròyé pé ògì ha òun lọ́fun lọ́jọ́ kìíní, ó sì mu ún tán lọ́jọ́ kẹta. A wọn ìfúnpá wọn, ó ṣì ga díẹ̀, a sì dá ọjọ́ fún wọn láti padà sí ọsibítù. Ewúrẹ́ ni wọ́n ní ó ń ké lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.