Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ti di ẹrù tán láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àpò ìrẹsì méjìlá, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ọṣẹ ìfọṣọ, aṣọ ọmọdé àti páálí ìwé mẹ́rin ló kún yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ìjọ wa ní Agbara. A ti san àsansílẹ̀ fún awakọ̀. Abúlé kan lẹ́yìn Ṣàkẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin là ń lọ, níbi tí ìjọ kékeré kan àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ti ń retí wa. Ọjọ́ náà gan-an ni Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹrù ò gbọdọ̀ gba Sẹ́mẹ̀ kọjá mọ́. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ìjọba tó kéde pé kí wọ́n ṣí i.

Ẹni tí kò mọ àyíká wa lè rò pé ilẹ̀ òkèèrè jìnnà sí wa. Láti oríta Agbara, bí ojú ọ̀nà Àgbádárìgì bá dára, ẹni tó bá jí lọ yóò dé Sẹ́mẹ̀ kí oòrùn tó mú. Èdè kan náà là ń bá ará Ṣàkẹ́tẹ́, Ìpóbẹ́ àti Kétu sọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fọwọ́ sí ìwé ní 1889 tí wọ́n fi ààlà là wá sí méjì. Síbẹ̀, òkèèrè ni: owó yàtọ̀, òfin yàtọ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ìwé yàtọ̀. Ìbátan tó wà láàárín wa ló jẹ́ ká gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, ibẹ̀ la sì ti kọ́kọ́ kọsẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú nìkan ni àwa wò. A ní Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà, a ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, a ń gbàdúrà lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo. Àdúrà yẹn dára, mi ò kábàámọ̀ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan di méjì, ó di mẹ́ta, àwọn tó dáwó kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa nítorí ojú ń tì wá. Ìyá kan tó ń ta bùrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, tó dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà nínú èrè rẹ̀, bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, “Akápò, ṣé àwọn ọmọ yẹn ti gba ìwé wọn?” Mo dáhùn pé, “Ó kù díẹ̀, mà.” Mo mọ̀ pé kò kù díẹ̀.

Kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ló mú wa ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ pọ̀ ní àdúgbò wa, àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọn ò bá wọ iṣẹ́, wọn ò gbowó. Ebi dé bá wọn lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan sì rántí pé ìrẹsì wà lẹ́yìn pẹpẹ. Nígbà tí a wọlé, òórùn ọṣẹ ti wọ inú oúnjẹ. Èkúté ti gé ìdí àpò mẹ́ta, ìrẹsì tú sórí sìmẹ́ńtì, ìgbẹ́ èkúté pọ̀ láàárín rẹ̀ débi pé a ní láti gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Kòkòrò dúdú tíntìntín ń rìn nínú èyí tó kù. A jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú atẹ, à ń fẹ́ ẹ, à ń ṣà á, láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ ló ń di ẹnu àpò. Ó rí i pé mo ń sunkún. Ó ní, “Akápò, omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àánú kọjá ààlà sọ̀rọ̀ agbè àti omi. Omi ni ìrìn àjò tí a ti dá ọjọ́ rẹ̀, ẹrù tí a dì, owó tí a kó jọ, fíìmù tí a ti pinnu láti yà. Agbè ni ìfọkàntán tó wà láàárín ìwọ àti àwọn tí o fẹ́ ràn lọ́wọ́, àti láàárín ìwọ àti àwọn tó gbé owó lé ọ lọ́wọ́. Ara rẹ àti ẹ̀mí rẹ wà nínú agbè náà. Ẹni tí omi rẹ̀ dànù, tó fi ìbínú sọ agbè mọ́lẹ̀, kí ni yóò fi pọn òmíràn?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ́sẹ̀ yẹn mo pe ọ̀gá ilé ìwé náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Dìrẹ́kítọ̀, mo sọ gbogbo bó ṣe rí fún un. Mo ka ẹrù wa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí páálí ìwé, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ ṣé o, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n jẹ́ bí? Faransé là ń kọ́ wọn níbí.” Páálí mẹ́rin! Ká ní ẹnubodè ṣí, à bá gbé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà kọjá Sẹ́mẹ̀, à bá ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, à bá sì padà sí Agbara pẹ̀lú ayọ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n nílò gan-an. Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Etí kànga wọn ti wó, ewúrẹ́ kan ti já sínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ọmọ ni yóò kàn.

Ohun tí wíwo ẹ̀yìn túmọ̀ sí nìyẹn. Nígbà tí nǹkan bá bà jẹ́, má yára dá Èṣù lẹ́bi pé òun ló ń dènà, má sì yára sọ pé Ọlọ́run kò rán ọ. Kọ́kọ́ tú ẹrù rẹ wò. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló mọ ibi tí ilé ń jò sí. Bíríkìlà abúlé náà ló tún kànga ṣe, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta owó tí à bá fi háyà bọ́ọ̀sì, epo kò sì sí nínú rẹ̀.

Ojú ọ̀nà wa yìí ti rí irú rẹ̀ rí, ní ọ̀rúndún tó jìnnà. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, àwọn míṣọ́nárì mẹ́ta, Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti Gollmer ará Jámánì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti Sàró (Sierra Leone). Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó gba Townsend lálejò ní 1843, ni wọ́n gbọ́kàn lé. Ìròyìn tó pàdé wọn létí òkun ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì, ibi tí wọn kò pète láti gbé. Ìyàwó Gollmer kú síbẹ̀. Ká ní wọ́n wọkọ̀ padà sí Sàró, kò sẹ́ni tí ì bá bá wọn wí.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́lé. Ilé alájà tí àwọn èèyàn ń lọ wò ní Àgbádárìgì títí dòní, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ti ìgbà yẹn ni. Wọ́n wàásù, wọ́n kọ́ ọmọ ní ìwé. Ní oṣù kẹjọ 1846, ọ̀nà là, Crowther wọ Abẹ́òkúta, kò sì pé oṣù kan tó fi rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí àwọn akónilẹ́rú fipá yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1821. Mi ò sọ èyí bí ẹni ń ṣèlérí pé gbogbo ìdúró ló ní irú èrè bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Gollmer kò rí Abẹ́òkúta. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbi tí ọ̀nà ti dí, iṣẹ́ ni. Ìrẹsì tí a pín nílé lẹ́yìn fẹ́ńsì iléeṣẹ́ ní Agbara, àánú ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọjá ààlà.

Mo ní láti sọ ti fàyàwọ́, nítorí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹnubodè kò tíì pé oṣù méjì ní títì tí ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà inú igbó bí àtẹ́lẹwọ́ fi wá bá wa. Ọ̀kadà mẹ́fà, òru kan, ó parí. Àwọn arákùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa fẹ́ gbà. Wọ́n ní ṣebí ti Olúwa ni. Mo kọ̀, n óò sì tún kọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá mú ẹrù náà, orúkọ ìjọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní abúlé ni wọn yóò fi gbá ilẹ̀, àwa yóò sì wà nílé wa ní Agbara. Ọmọ tó gùn ún lóru lè má padà délé. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ra ìtẹ́lọ́rùn yín.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Owó ìdáwó wa ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wá. Ní oṣù kẹjọ 2023, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà; ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble kéde pé àwọn ò ní ṣe ọjà níhìn-ín mọ́. Iléeṣẹ́ méjèèjì ló ní ẹ̀ka ní Agbara. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Sefa, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, kò bá a já, nítorí ó so mọ́ Yúróò: 655.957 sefa ni Yúróò kan. Owó tó tó ṣe iṣẹ́ kan lónìí lè máà tó ìdajì rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ìdáwó fún iṣẹ́ òkèèrè máa sùn ní náírà. Kí ó tètè di ohun tí a fẹ́ rà, kí a sì rà á lọ́jà tiwọn.

Ìtìjú ló le ju owó lọ. Nígbà tí mo jàjà dìde níwájú ìjọ, mo sọ àpò mẹ́ta tó bà jẹ́, mo sọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, mo ka gbogbo ìnáwó. Ìyá oníbùrẹ́dì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ ò bá ti sọ látọjọ́ yìí, Akápò. Ṣé mo ní kí ẹ san án padà ni?” Ó tún fi ẹgbẹ̀rún kan lé mi lọ́wọ́ fún kànga. Ẹ tètè sọ fún àwọn tó dáwó. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń fọ́ agbè, kì í ṣe àdánù.

Ara náà ní ìwọ̀n. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 títí dé 1865, ọ̀nà etíkun dí mọ́ àwọn míṣọ́nárì tọkọtaya, David àti Anna Hinderer, ní Kúdẹtì, Ìbàdàn. Owó kò dé, oúnjẹ kò dé, ọmọ púpọ̀ sì wà nínú ilé wọn. Wọ́n ta dúkìá ilé kí wọ́n lè jẹun. Anna ṣàìsàn, ó ṣàìsàn, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níkẹyìn, níbi tó kú sí ní 1870. Mọ̀jà mọ̀sá ni ti akínkanjú. Ẹni tí ibà ti mú lẹ́ẹ̀mẹta ní ilẹ̀ àjèjì, tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tó bá wá sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ sílé sinmi, ẹ má bi í bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kéré. Ẹ bá a wá owó ọkọ̀.

Ọgbẹ́ tó sì máa ń pẹ́ jù kó tó jinná, ọwọ́ ará ilé ló ti ń wá. Ní 1890, nígbà tí Crowther ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó inú iṣẹ́ kan náà dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ní Onitsha lójú rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ tí òun àti wọn jọ wà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Síbẹ̀ kó tó kú, ó ti ń ṣètò bí àwọn ìjọ Niger Delta yóò ṣe máa gbọ́ bùkátà ara wọn. Ìjọ wọ̀nyẹn dúró, wọ́n sì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ lábẹ́ ọmọ rẹ̀, Dandeson.

Kànga abúlé náà ṣì dára. Àwọn fúnra wọn ti fi ìdérí onípákó sí i, wọn ò sì béèrè lọ́wọ́ wa. Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ wa ṣófo báyìí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì páálí mẹ́rin sì wà ní ilé ìwé kan lọ́nà Lùsádà. Bí ìjọ tìrẹ bá ní yàrá tí ẹrù àánú wà ní títì, jọ̀wọ́, lọ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí o sì mú atẹ dání.