Iyọ̀ Afùwàpẹ́: ṣé ilé-ìwé tó ohun tí à ń fi ọdún wa ṣe?



Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá bá mi: "Bàbá, ṣé kí n fi yunifásítì sílẹ̀?" Ẹnì kan á ní òun fẹ́ dojú kọ Ifá pátápátá. Òmíràn á ní òun mọ àwọn tó ti gboyè tí wọ́n ń wa ọ̀kadà, kí ni òun wá ń jókòó ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní ọdún kẹta, ní ìyá òun ta ilẹ̀ kó tó rí owó ilé-ìwé san. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó sùn. Tó bá kúrò, ilẹ̀ ìyá ti lọ lásán. Tó bá dúró, ó ń bẹ̀rù pé ọdún tòun náà á tún bá a lọ. Ohun tí Ifá sọ fún un, tirẹ̀ ni, n ò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ fún un kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀, gbogbo wa la ni ín.

Inú Ogbègúndá ni wọ́n ti kọ́ èmi. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò fẹ́ yà síbì kankan. Wọ́n débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá, wọ́n wo orí tó tóbi tó sì rẹwà lójú wọn, wọ́n gbé e. Wọn ò mọ̀ pé iná ò tíì jó o dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́nà, òjò dé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Nígbà tí wọ́n dáyé, gbogbo èrè iṣẹ́ wọn, orí yẹn ni wọ́n ń fi tún ṣe.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ní òun á kọ́kọ́ rí bàbá òun. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó ẹyọ rúbọ. Wọ́n bù nínú iyọ̀ náà fún un, wọ́n bù nínú owó, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Nígbà tó dé ẹnu bodè Àjàlá, ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i. Oníbodè ò tọ́ irú rẹ̀ wò rí! Ìdùnnú yẹn ló mú kó sọ àṣírí fún un: Àjàlá jẹ gbèsè, orí àjà ló sá pamọ́ sí nítorí olówó. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ ibi tí orí wà, ó ń fi ọ̀pá irin lu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó dún gbọnmọ-gbọnmọ. Òjò rọ̀ sí i, kò rí i gbé ṣe.

Ẹ bá mi dúró sórí iyọ̀ yẹn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bù ú fún Afùwàpẹ́, ta ló sọ fún un pé oníbodè kan wà níbì kan tó ń fi eérú sebẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó gbé ẹrù tí kò tíì mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí. Ọmọ tó ń bi mí pé kí ni òun fẹ́ fi ìṣirò ṣe láyé òun, ohun tó ń béèrè nìyẹn. Èmi mọ awo tó gbó dáadáa tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn tí dókítà fún un, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kà á. Mo sì mọ àgbà tó kú pẹ̀lú ẹsẹ Ifá rẹpẹtẹ, tí ẹnikẹ́ni ò kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ìwé ni iyọ̀ tá ò ní lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹrù ni iyọ̀ o. Ilé-ìwé míì wà tó jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń dì fún ọmọ ọlọ́mọ. Olùkọ́ á ka ìwé ogún ọdún sẹ́yìn fún wọn kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á pọ̀ ọ́ jáde nínú ìdánwò, ó tán. Ká má tíì sọ ti ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni ASUU fi yanṣẹ́ lódì, oṣù mẹ́jọ gbáko. Tí ọ̀dọ́ bá ń bínú, n ò lè sọ pé kò mọ ohun tó ń sọ. Sátífíkéètì tí iná ò jó, orí Oríṣèékú ni: ó tóbi lójú, òjò àkọ́kọ́ ló ń dúró dè.

Ẹ̀yin tí ẹ wá fẹ́ sá fún ilé-ìwé wá sídìí Ifá nítorí pé ọdún ń lọ, ẹ̀rín ń pa mí. Ojú odù mẹ́rìndínlógún, àmúlù 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ tirẹ̀, ẹbọ tirẹ̀, ewé tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lèèyàn fi ń gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá sì dé ìpàdé awo, tẹ́ ẹ ṣì í kì, wọ́n á dá yín dúró lójú gbogbo èèyàn. Kí lẹ rò pé ìyẹn jẹ́, bí kì í bá ṣe ìdánwò? Ẹni tó kọ́ Ifá fún oṣù mẹ́ta tó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, tó ń gba owó àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù, amọ̀ tútù lòun náà gbé rù.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa kan ò fẹ́ràn ilé-ìwé, wọ́n sì ní ìdí. Láyé àwọn míṣọ́nnárì, ọmọ onífá á wọlé, orúkọ mìíràn ni wọ́n á fi pè é jáde, á sì máa tijú ọ̀pẹ̀lẹ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé. Ifá ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, ó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989. Ìwé kò gba Ifá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Bàbá, ṣebí a ti yan orí látọ̀run, kí ni ilé-ìwé fẹ́ fi kún un?" Ifá kì í sọ̀rọ̀ Orí kó má mẹ́nu ba Ẹsẹ̀. Orí tó dáa tí ẹsẹ̀ ò gbé rìn, níbo ló fẹ́ dé?

Ohun tí mo máa ń sọ nìyí. Ẹni tí kò tíì wọ yunifásítì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá sí iṣẹ́ ọwọ́, n kì í fi tipátipá lé e lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kó ṣáà parí girama. Ẹni tó ti dé ìdajì, tí wọ́n ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin lu ohun tó ń kọ́ níbẹ̀. Kó bá àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun sọ̀rọ̀, kó béèrè ohun tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀ àti ohun tí wọn ò lò rí. Kó sì jókòó ti ìyá rẹ̀, kó sọ ọ́ fún un lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù.

Àwọn tó fẹ́ kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ńkọ́? Mi ò ní gba ọmọ tó torí mi fi kíláàsì sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé àti ìgbà họlidé wà. Ẹ mú ìwé àti báírò dání, Èjì Ogbè la ó ti bẹ̀rẹ̀.