Ẹ̀KỌ́ WA: Yíyan Ètò Tí Yóò Pín Kọ̀ǹpútà Ńlá fún Àwọn Oníbàárà

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí òwò kan tí ẹgbẹ́ lè dáwó jọ ṣe: yíyá àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ yóò ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, ètò kan yóò sì pín in sí kéékèèké, bí ilé oníyàrá púpọ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò máa sanwó oṣooṣù lórí yàrá tirẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní VPS. Bí a bá ṣi ètò tó ń pín in yàn, owó tí gbogbo wa kó jọ ni yóò fara gbá a. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ bèèrè ohun mẹ́ta.

1. Irú ògiri wo ló wà láàrin yàrá? Nínú OpenVZ, tó jáde ní 2005, gbogbo yàrá ló ń lo kernel Linux kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ọkàn ètò náà. Ó fúyẹ́, ó sì ń gba èrò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé kan bá da ọkàn náà rú, gbogbo ilé ló dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ lo Windows kò sì ní ríbi wọ̀. Xen, tó ti Yunifásítì Cambridge jáde ní 2003, àti KVM, tó wọ inú Linux ní 2007, ń fún oníkálukú ní kernel tirẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá dàrú, aládùúgbò rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.

2. Ta ló ni ètò náà? Ní oṣù kọkànlá 2023, ilé-iṣẹ́ Broadcom ra VMware. Ní oṣù kejìlá, wọ́n dáwọ́ títa ìwé àṣẹ àrà-kú dúró. Ó di sísan lásìkò-lásìkò. KVM àti Xen kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹnì kan kò sì lè dá iye lé wọn mọ́ wa lọ́wọ́.

3. Yàrá mélòó la lè tà? Bí kọ̀ǹpútà bá ní gigabyte 64 ti ìrántí, tí a fi 8 sílẹ̀ fún ètò fúnra rẹ̀, ó ku 56. Bí yàrá kan bá gba 4, yàrá 14 la ní. Ẹni tó bá ta 20 ti ta ohun tí kò ní.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ mú KVM, kí ó sì fi Proxmox ṣàbójútó rẹ̀. Èyí náà kò gba owó ìwé àṣẹ. Kí a tó ra kọ̀ǹpútà, kí a rí i dájú pé ó ní Intel VT-x tàbí AMD-V, nítorí KVM kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Kí ó kéré tán ènìyàn méjì mọ iṣẹ́ náà. Kí ẹ̀dà iṣẹ́ oníbàárà wà níbòmíràn, kí a sì ti dá a padà wò kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
(a) Ta ni yóò dìde bí ẹ̀rọ bá kú lóru?
(b) Yàrá mélòó ni yóò san owó iná àti ti íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó sọ̀rọ̀ èrè?